Kíka Ìwé, Kíka Òkú

"Kà" kan náà tí a fi ń ka ìwé ni a fi ń ka owó, òun náà la sì fi ń ka èèyàn. N kò fi ọkàn sí i rí títí di oṣù kẹfà ọdún 2021, nígbà tó di iṣẹ́ òòjọ́ mi pé kí n máa ka ìwé ìròyìn Nàìjíríà láti òwúrọ̀, kí n sì máa ka òkú inú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà ní Amẹ́ríkà. Ilé ìwádìí kan ní Washington, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ètò ààbò, ló gbà mí fún ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Àrùn Kòrónà kò tíì jẹ́ kí ọ́fíìsì ṣí dáadáa, nítorí náà orí tábìlì tí mo ti ń jẹun ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà wà níwájú mi, àtẹ gígùn kan sì wà lójú rẹ̀: ọjọ́, ìlú, ìpínlẹ̀, iye ẹni tó kú, iye ẹni tí wọ́n jí gbé, ẹni tí wọ́n ní ó ṣe é, ìwé ìròyìn tó gbé e.

Mo fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ yìí bó ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń wá a, tí àwọn òbí wọn kò sì mọ ohun tó jẹ́. Bí o bá sọ fún àwọn ará ilé pé ètò ààbò ni o ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ọkàn wọn á lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ìyá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí tèmi. Ṣùgbọ́n àṣírí ìjọba kankan kò sí lọ́wọ́ wa. Ohun tó wà lójú táyé ni à ń kó jọ: ìwé ìròyìn, ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ, ọ̀rọ̀ tí àwọn aṣòfin sọ ní gbangba, ìṣirò owó tí ìjọba fi ra ohun ìjà. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé kí o mọ èyí tó ṣeé gbà gbọ́ nínú wọn, kí o sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Irú ilé ìwádìí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba, kì í sì í ṣe yunifásítì. Ní London, Chatham House ti wà láti 1920. Ní Amẹ́ríkà, Council on Foreign Relations bẹ̀rẹ̀ ní 1921. RAND, tó ti kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ àkànṣe fún àwọn ọmọ ogun òfurufú, dá dúró lórí ara rẹ̀ ní 1948. Ọ̀gágun ojú omi Arleigh Burke àti David Abshire dá CSIS sílẹ̀ ní Yunifásítì Georgetown ní 1962. Àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn ajagunfẹ̀yìntì àti àwọn tó ti ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè rí ló kún inú wọn. Bí ìjọba bá yí padà, àwọn kan á ti ibẹ̀ bọ́ sí ipò, àwọn tó kúrò nípò á sì wá jókòó sáyè wọn. Nítorí èyí ni ohun tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kọ sínú àtẹ ní ọjọ́ Ajé fi lè bọ́ sẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà kò ka ìwé ìròyìn tí iye yẹn ti jáde. Ẹni ogún ọdún kan ló bá a kà á.

Nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ tó kan ilẹ̀ wa, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Nigeria Security Tracker ti Council on Foreign Relations. John Campbell, tó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Nàìjíríà láti 2004 sí 2007, ló wà nídìí rẹ̀. Láti 29 oṣù karùn-ún 2011, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Goodluck Jonathan, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, wọ́n sì kà á títí di 2023. Ìwé ìròyìn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ti Nàìjíríà àti ti òkèèrè, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àtẹ tí èmi ṣiṣẹ́ lé lórí kì í ṣe èyí, kò tó o rárá, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà la tọ̀.

Kí n tètè sọ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wọ iṣẹ́ yìí, nítorí ìyẹn kò gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni wọ́n sábà máa ń gbà wá: ìgbà ooru, ìgbà ìwọ́wé, ìgbà ìrúwé. Ẹni tó ń fẹ́ ti ìgbà ooru gbọ́dọ̀ ti fi ìwé ránṣẹ́ nígbà tí òjò dídì ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n á béèrè ìtàn iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ rẹ, lẹ́tà kan, àti ohun kan tí ìwọ fúnra rẹ ti kọ. Ohun tí o kọ yẹn ló ń gbani síṣẹ́. Mo ti bá àwọn àbúrò kan ka tiwọn, mo sì rí i pé èyí tí gírámà rẹ̀ le jù ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. Èyí tó yẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́ ni èyí tí wọ́n ti rí ẹ̀rí méjì tó ń ta ko ara wọn, tí wọ́n sì sọ èyí tí wọ́n gbà àti ìdí tí wọ́n fi gbà á, bó tiẹ̀ jẹ́ ojú ewé mẹ́ta péré.

Ní òru ọjọ́ karùn-ún mọ́jú ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn ní Ìbàràpá. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n dáná sun ààfin, wọ́n dáná sun ilé epo. Nígbà tí mo jókòó ní ọjọ́ Ajé, ìwé ìròyìn kan kọ 11 sí iye àwọn tó kú, òmíràn kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, nítorí bí ìròyìn ọjọ́ kìíní ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣiṣẹ́ ṣáájú mi ti fi àmì sórí máàpù tó bá àtẹ náà rìn, Ìgànná ló sì fi í sí.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n Ìgànná wà ní Ìwàjọ̀wà, Ìgàngàn sì wà ní Ìbàràpá Àríwá. Lójú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, tó rí "Igangan" àti "Iganna" láìsí àmì ohùn kankan lórí wọn, mélòó ni ìyàtọ̀? Máàpù orí kọ̀ǹpútà ló dábàá ọ̀kan fún un, ó sì gbà á. N kò lè bínú sí i. Bí wọ́n bá fún èmi náà ní ìlú méjì ní Íńdíà tí orúkọ wọn jọra, irú àṣìṣe kan náà ni màá ṣe.

Mo mọ̀ pé Ìgàngàn ni, síbẹ̀ mo pe àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Ayétẹ̀.

"Ẹ kú alẹ́ o, bàbá. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ẹ jọ̀ọ́, sà, ibo gan-an ni wọ́n kọlù?"

"Ìgàngàn ni, ọmọ mi. Àwa náà kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ṣé ẹ gbọ́ ọ lọ́hùn-ún ni?"

"A gbọ́ ọ, sà."

"Kí ni wọ́n máa ṣe sí i?"

N kò ní èsì. Mo ní kí wọ́n máa ṣọ́ra, kí wọ́n bá mi kí ìyàwó wọn.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá mi pé mo ti fìdí orúkọ ìlú náà múlẹ̀ lórí fóònù, ó dá mi dúró. Ó ní ohùn ẹbí mi lórí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí tí ẹlòmíràn lè lọ yẹ̀ wò, a kò sì gbọ́dọ̀ fi í sínú àtẹ. Ó dùn mí. Bàbá kan tí kò sùn nítorí ọ̀rọ̀ náà ni kò ṣeé gbà gbọ́, akọ̀ròyìn tó jókòó sí Èkó sì ṣeé gbà gbọ́! Ṣùgbọ́n nígbà tó yá mo rí ohun tó ń sọ. Bí àtẹ náà bá máa wúlò fún ẹni tí kò mọ̀ mí, tí kò ní ẹbí ní Ayétẹ̀, gbogbo ìlà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí èèyàn lè padà lọ wò. Mo wá ìwé ìròyìn tó dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà, mo fi í gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀, a sì gbé àmì náà kúrò ní Ìgànná.

Lójú mi, òfin yẹn tọ̀nà, ó sì ní àbùkù tí kò yẹ kí a bò mọ́lẹ̀. Òkú tí kò sí akọ̀ròyìn nítòsí rẹ̀ kò sí nínú àtẹ. Abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, tí ọ̀nà rẹ̀ ti bàjẹ́, tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó mọ oníwèé ìròyìn, wọ́n lè pa á run láìsí ìlà kan ṣoṣo tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá wo àtẹ náà ní Washington, tó rí i pé ibì kan funfun báláú, yóò rò pé àlàáfíà ló wà níbẹ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó gbọ́n á máa kọ àkíyèsí sí ẹ̀gbẹ́: agbègbè yìí kò ní ìròyìn, kì í ṣe pé kò ní wàhálà.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tuntun nípa iye tí ìjọba bá kéde wà nínú ọ̀rọ̀ Chibok. Ní òru 14 oṣù kẹrin 2014 ni àwọn agbébọn jí àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé Chibok, ní ìpínlẹ̀ Borno, kó lọ. Ní 16 oṣù náà, ilé iṣẹ́ ológun kéde pé gbogbo wọn ti padà dé àfi mẹ́jọ. Ọ̀gá ilé ìwé náà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ológun kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Nígbà tí iye náà wá fìdí múlẹ̀, 276 ni wọ́n kó lọ, 57 nínú wọn sì rí ọ̀nà sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ká ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan ló wà nídìí àtẹ ní ọjọ́ kẹrìndínlógún yẹn. Ilé iṣẹ́ ológun orílẹ̀-èdè ló sọ̀rọ̀, gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e, ibi tí èèyàn lè padà lọ wò sì pọ̀ yanturu. Tó bá kọ "8", kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Ohun tí a fi ń dáàbò bo ara wa ni pé a kì í pa ìlà àkọ́kọ́ rẹ́. A máa ń kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́, a ó sì fi ìlà tuntun sábẹ́ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti ń yí. Ẹni tó bá ka àtẹ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ á rí iye náà, á sì rí bí òtítọ́ ṣe pẹ́ tó kó tó dé.

Nínú àtẹ náà, òpó tó máa ń fa àríyànjiyàn jù ni ti ẹni tó ṣe é. Lẹ́yìn tí wọ́n kọlu ìjọ Kátólíìkì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ ní 5 oṣù kẹfà 2022, ìròyìn àkọ́kọ́ ní òkú lé ní 50. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 40 ni. Ní ti àwọn tó ṣe é, ìgbìmọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè ní ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISWAP ni, ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Yorùbá sì ti dárúkọ àwọn mìíràn ṣáájú. Mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó kọ orúkọ kan síbẹ̀ láìtíì sí ẹ̀rí lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yà méjì, torí ẹlòmíràn á mú ọ̀rọ̀ rẹ̀, á sọ ọ́ di àwòrán aláwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé, á sì gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn aláṣẹ. Ẹni tó kọ "a kò mọ̀" ní gbogbo ìgbà náà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ibí yìí ni èdè Yorùbá ti ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo ìwé tí mo kà lọ. Ìtàn kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tó ń wọ iṣẹ́ yìí. Sherman Kent jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtàn ní Yale kó tó wọ iṣẹ́ ìtẹ̀lẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà. Ní 1951, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé kan fún ìjọba lórí bóyá Soviet àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa kọlu Yugoslavia lọ́dún náà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe, kí wọ́n má sì fojú kéré rẹ̀. Nígbà tí ìwé náà jáde, ẹnìkan nínú ìjọba béèrè lọ́wọ́ Kent ohun tí wọ́n ní lọ́kàn gan-an. Kent ní bíi 65 sí 35 ni. Ẹnu ya ẹni yẹn, ó rò pé kò tó bẹ́ẹ̀. Kent wá lọ bi àwọn tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé náà léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan ní 80 sí 20, ẹlòmíràn ní 20 sí 80. Gbogbo wọn ló fọwọ́ sí gbólóhùn kan náà! Ní 1964 ó tẹ àròkọ kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀ bíi kóńgò.

Nígbà tí mo kà á, ilé ni mo rò lọ. Wo bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ tó lédè wa: ó dájú, kò ṣẹ̀yìn, ó jọ pé, ó ṣeé ṣe, bóyá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́. "Àfàìmọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó dájú, síbẹ̀ ẹni tó bá lò ó ti rí nǹkan, ó sì ń bẹ̀rù. Kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí mo mọ̀ tó gbé ìbẹ̀rù àti ìfura yẹn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó tún níyì jù ni "wọ́n ní." Ẹni tí àgbà tọ́ kì í ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ kò tó láìfi "wọ́n ní" tàbí "a gbọ́ pé" ṣáájú, torí bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á bi í pé, "Ṣé o wà níbẹ̀ ni?" Ìbéèrè tí ọ̀gá mi ń kọ sí etí ìwé mi fún oṣù mẹ́ta gbáko nìyẹn: ta ló sọ ọ́? Ó rò pé ẹ̀kọ́ tuntun ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi àgbà kí n tó mọ ìwé kà.

Yàtọ̀ sí àtẹ, àkọsílẹ̀ ìpàdé ni iṣẹ́ kejì. Wọ́n á pe àwọn tó mọ̀ nípa Sahel tàbí Gulf of Guinea jọ, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ á jókòó sẹ́yìn, á máa kọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìpàdé náà máa ń wà lábẹ́ òfin Chatham House, tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ láti 1927: ohun tí o gbọ́ níbẹ̀, o lè lò ó, ṣùgbọ́n o kò gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó sọ ọ́ tàbí ibi tó ti wá. Ẹ rí i pé òdìkejì òfin àtẹ ni. Nídìí àtẹ, ohun tí kò ní orúkọ ẹni tó sọ ọ́ kò wúlò. Nínú ìpàdé, orúkọ ni a gbọ́dọ̀ gbé mì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì mọ ìgbà tí ó yẹ kó yí láti ọ̀kan sí èkejì lè ba iṣẹ́ àgbà kan jẹ́ láàárín ọjọ́ kan.

Iṣẹ́ kẹta ni ìwé ìmọ̀ràn olójú ewé méjì. Ní yunifásítì, a máa ń gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀, a ó to ẹ̀rí jọ, kí a tó dé ibi ọ̀rọ̀. Níbí, ibi tí o ń lọ ni o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ á sọ ohun tí o rò pé ó yẹ kí wọ́n ṣe, ìyókù á sọ ìdí rẹ̀, torí ẹni tí o ń kọ ọ́ sí lè má dé ojú ewé kejì. Wọ́n dá tèmi padà nígbà mẹ́rin. Ìkẹrin ni mo mọ̀ pé n kò tíì fìgbà kankan sọ ohun tí mo rò rí nínú ìwé tí mo kọ nílé ẹ̀kọ́. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn rò ni mo máa ń tò jọ.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kì mí nílọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo rí i pé mo ti ń kọ 9, 14, 30 láìmí kanlẹ̀. Ọwọ́ mi ń yára, ọ̀gá mi ń yìn mí, inú mi sì ń bàjẹ́ pé mo ti yára tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, níbikíbi tí ìwé ìròyìn bá ti kọ orúkọ àwọn tó kú, mo máa ń ka orúkọ wọn sókè kí n tó kọ iye wọn. Kò sí òpó fún orúkọ nínú àtẹ. Ìṣẹ́jú kan ni ó ń gbà mí, mo sì rò pé ó yẹ kí ilé ìwádìí tó bá fi irú iṣẹ́ yìí lé ọmọ ogún ọdún lọ́wọ́ yan ẹnìkan tó máa bi í léèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ó tún yẹ kí wọ́n sanwó fún un. Òfin Amẹ́ríkà fún àwọn ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe ti èrè láàyè láti gba akẹ́kọ̀ọ́ láìsan kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìwádìí wọ̀nyí sì wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Fún ọdún gbọọrọ, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ lè san owó ilé oṣù mẹ́ta ní Washington ló ń rí ẹnu ọ̀nà wọlé, òun náà ló sì ń di ọ̀gá níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ìgbà ìwọ́wé 2022 ni White House pàápàá tó kọ́kọ́ san owó fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí ti ń san owó wákàtí báyìí, inú mi sì dùn sí i. Ẹni tí ebi kò pa rí lè mọ ọ̀rọ̀ ààbò, ṣùgbọ́n bí gbogbo àwọn tó ń ka òkú Zamfara bá jẹ́ ọmọ olówó láti àdúgbò kan náà, ohun kan náà ni gbogbo wọn á máa ṣàìrí.

Fún ọmọ Nàìjíríà tó ń fi físà F-1 kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ìwé tún wà níbẹ̀. Àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní CPT ni yunifásítì rẹ máa fọwọ́ sí kí o tó lè bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ mọ́ ohun tí o ń kọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, o ní láti kọ́kọ́ lo ọdún ẹ̀kọ́ kan gbáko. Tó o bá sì lo CPT fún odindi oṣù 12 pẹ̀lú iṣẹ́ alákòókò kíkún, o ti pàdánù OPT, ìyẹn ọdún kan tí o lè fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ní yunifásítì rẹ ni kí o bi léèrè, má ṣe gba ti ọ̀rẹ́ gbọ́. Àwọn àyè kan tún wà tó jẹ́ pé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń gbà, torí iṣẹ́ ìjọba ni ilé ìwádìí náà ń bá ṣe. Ka ìkéde wọn dé ìsàlẹ̀ kí o tó jókòó kọ lẹ́tà.

A kò sì gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ bíi pé Washington nìkan ló wà. Nigerian Institute of International Affairs, tó wà ní Victoria Island, ni wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961. Bọ́lájí Akínyẹmí darí rẹ̀ láti 1975 sí 1983, ó sì di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní 1985. Ọ̀nà kan náà tí àwọn ti Washington ń gbà lòun náà gbà. Káyọ̀dé Fáyẹmí, tó ṣe gómìnà Èkìtì nígbà méjì, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa ogun ní King's College London, ó sì wà lára àwọn tó dá Centre for Democracy and Development sílẹ̀ ní 1997. Ní King's yẹn kan náà ni 'Funmi Olonisakin ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Òun ló dá African Leadership Centre sílẹ̀, tó ní ẹsẹ̀ kan ní Nairobi, ẹsẹ̀ kan ní London, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ti ń kọ́ ìwádìí lórí àlàáfíà àti ààbò lábẹ́ àwọn àgbà. Àwọn tiwa ti wà nínú iṣẹ́ yìí tipẹ́.

Ohun tó kù nílé ni ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà débẹ̀. Ètò ìkọ́ṣẹ́ SIWES tí àjọ ITF gbé kalẹ̀ ní 1973, tí gbogbo wa ń pè ní IT, àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ ni wọ́n fi sọ́kàn. Ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn tàbí òṣèlú ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ sábà máa ń parí láìtẹsẹ̀ wọ ilé ìwádìí kankan, bí kò bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà tàbí kí NYSC gbé e síbẹ̀ bí àgùnbánirọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tó wà ní Kúrú, NIPSS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, àwọn ọ̀gá àgbà ló wà fún. Ó ń dùn mí pé ọmọ tó gbọ́ Hausa àti Yorùbá, tó mọ ìyàtọ̀ Ìgàngàn àti Ìgànná láìwo máàpù, wà ní Ṣàgámù láìríṣẹ́, tí ẹnìkan tí kò dé Nàìjíríà rí sì ń fi àmì sórí máàpù fún un. Tábìlì mélòó kan, kọ̀ǹpútà, iná tí kì í lọ, owó oṣù tó tó wọkọ̀, àti àgbà kan tó máa kọ "ta ló sọ ọ́?" sí etí ìwé: yunifásítì wa kan lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún yìí.

Ní ọjọ́ tí mo parí, wọ́n ní kí n kọ ìwé olójú ewé méjì sílẹ̀ fún ẹni tó máa jókòó sí àyè mi. Mo kọ ohun tí wọ́n ní kí n kọ: bí a ṣe ń ṣí àtẹ, àwọn ìwé ìròyìn tí a ń kà, bí a ṣe ń mọ̀ bí ìròyìn méjì bá jẹ́ ti ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Lẹ́yìn rẹ̀ mo fi ojú ewé kan kún un tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Mo kọ orúkọ àwọn ìlú tó jọra lójú Gẹ̀ẹ́sì sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ìpínlẹ̀ rẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Mo fi Ìgàngàn ṣe àkọ́kọ́. Mo tún fi ohùn mi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹni náà lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é.